Jákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́ àtijọ́ mẹ́ta fún síkì àti gígun òkè: èwo ló ṣì ṣeé wọ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó (Manchester)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mẹ́ta ló wà níwájú mi báyìí. Gbogbo wọn fúyẹ́, aṣọ òde lásán ni wọ́n, kò sí èyí tí wọ́n ki ìyẹ́ tàbí fóòmù sínú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tí mo lè wọ̀ ṣe síkì ní Cairn Gorm, ní Skọ́tíláǹdì, lóṣù kẹta, àti èyí tí mo lè wọ̀ gun òkè lẹ́yìn náà.

Àkọ́kọ́ ni páàkà Sierra Designs, aṣọ 60/40 (nǹkan bí ìdá ọgọ́ta òwú àti ogójì náílọ́ọ̀nù nínú ọgọ́rùn-ún), àwọ̀ iyanrìn, láínì náílọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀. Gíráàmù 870 ló wọ̀n. Irin ni síìpù rẹ̀. Bí mo bá fà á dókè tán, ó máa ń là láti ìsàlẹ̀. Èjìká méjèèjì ti ṣá ju ibi yòókù lọ.

Ìkejì ni ánórákì Ventile (aṣọ òwú tí wọ́n hun mọ́ra gan-an) ìpele kan, èyí tí wọ́n ń gbà orí wọ̀, àpò ńlá kan wà níwájú àyà rẹ̀. Gíráàmù 640. Kò ya níbì kankan, ṣùgbọ́n bí mo bá wọ́n omi sí i, ojú ẹsẹ̀ ló ń mu ún.

Ìkẹta ni kagúùlù, aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ìborí, náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ọsàn, gíráàmù 330 péré, kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan mọ́. Inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń ṣí wúruwùru, ó sì ń rùn bí èébì ọmọ ọwọ́. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òórùn náà kò lọ.

Báwo ni kí n ṣe fọ̀ wọ́n? Kí ni kí n fi lé omi? Ṣé kí n pààrọ̀ síìpù páàkà yẹn ni, àbí ó ṣeé tún ṣe? Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ bí a ṣe ń mọ ọdún tí wọ́n rán páàkà náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Aláṣọ (Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dára bí ẹ ṣe wọ̀n wọ́n, tí ẹ sì sọ ohun tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó dé orí ọṣẹ, ohun kan wà tó máa dáhùn ìdajì ìbéèrè yín: aṣọ atẹ́gùn ni méjì àkọ́kọ́, wọn kì í ṣe aṣọ òjò. Àwọn tó hun wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè ń làágùn, bí òógùn yẹn kò bá sì ríbi jáde, láti inú ni aṣọ rẹ̀ yóò ti tutù. Ohun tí wọ́n ń wá ni aṣọ tí híhun rẹ̀ fún débi pé atẹ́gùn kò ráyè kọjá, àmọ́ tí ooru ara ṣì ń gbabẹ̀ jáde. Gabardine tí Burberry gbé jáde ní 1879 ni ti àwọn àgbà. Òun ni George Mallory wọ̀ lọ sí Everest ní 1924. Ní 1923, Walter Haythornthwaite hun aṣọ Grenfell ní Burnley, ní Lancashire, fún dókítà míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ ní Labrador. Àwọn tó lọ sí Everest ní 1933 wọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di 1953, aṣọ tí wọ́n fi òwú àti náílọ́ọ̀nù hun pọ̀ ni wọ́n wọ̀ débẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Sierra Designs gbé páàkà 60/40 jáde ní Kalifọ́níà ní 1968, ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n sọ di aṣọ tí gbogbo èèyàn lè rà.

Bí 60/40 ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Náílọ́ọ̀nù nà gbọọrọ lọ́nà kan, òwú dábùú rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ló ń mú kó fúyẹ́, òun ni kì í jẹ́ kó tètè ya. Òwú ló ń wú bí omi bá kàn án, á sì dí àlàfo tó wà láàárín. Òjò winniwinni àti yìnyín gbígbẹ kò lè rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, omi á wọlé láti èjìká.

Ventile ní tirẹ̀, òwú ni látòkè délẹ̀. Shirley Institute, ní Didsbury níbẹ̀ ní Manchester yín, ló ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fún àwọn awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè já sínú òkun tútù. Òwú tí fọ́nrán rẹ̀ gùn ni wọ́n lò, wọ́n hun ún mọ́ra dan-in dan-in. Bí omi bá kàn án, gbogbo rẹ̀ á wú pọ̀. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ìyọnu rẹ̀ wà: aṣọ tó ti wú á wúwo, á le gbagidi bíi páálí, bí òtútù bá sì bọ́ sábẹ́ òdo, á dì mọ́ yín lára, kò sì ní tètè gbẹ. Ìpele méjì ni àwọn tó fẹ́ fi bá òjò gidi jà máa ń rà. Ìpele kan bíi tiyín, ti atẹ́gùn àti yìnyín ni.

Ó yá, fífọ̀. Ẹ tú àpò, ẹ gbọn iyanrìn kúrò létí síìpù, ẹ ti síìpù pa, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì onítẹ̀ pọ̀. Garawa omi lítà 15, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má ju 30°C lọ. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun, ẹ má sì lo omi tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀. Ohun tó wà nínú ọṣẹ oníyẹ̀fun tó ń bá ìdọ̀tí jà máa ń kù sára aṣọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàn án, òun ló sì máa ń fa omi wọlé. Ọṣẹ gidi ni kí ẹ lò: Nikwax Tech Wash, tàbí ọṣẹ funfun pọ́ńbélé tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́, ṣíbí ọbẹ̀ méjì tó garawa yẹn. Ẹ rẹ aṣọ náà fún ogún ìṣẹ́jú. Kànìnkànìn rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ ọrùn àti etí ọwọ́, torí ibẹ̀ ni epo ara ń kó sí jù. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí títí omi rẹ̀ kò fi ní hó mọ́. Ẹ má fún un bí ẹni fún aṣọ ìnura: aṣọ tí híhun rẹ̀ fún báyìí, ibi tó bá ti ká á máa bó funfun, ìlà yẹn kì í sì í lọ mọ́.

Ventile tó ń mu omi yẹn, ẹ má tíì náwó lé e. Ẹ fọ̀ ọ́ bí mo ṣe wí, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́ lójú òde. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí ló bo ohun tó ń lé omi mọ́lẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù á sì jí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ fi ṣíbí kán omi sí ibi mẹ́fà: èjìká méjèèjì, ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, àyà, ẹ̀yìn. Ẹ ka oókan dé ọgọ́ta. Bí omi bá dúró róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, ohun tó ń lé omi ti tán. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ra Nikwax Cotton Proof. Ara aṣọ tó ṣì tutù ló ń wọ̀, ẹ má sá a gbẹ kí ẹ tó lò ó. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ bù, ẹ yí aṣọ náà nínú omi rẹ̀ kó kárí, ẹ ṣàn án, ẹ sá a síbi òjìji. Ohun kan náà ló bá 60/40 mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi wáàsì pa wọ́n lára. Á lé omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ihò tí ooru ara ń gbà jáde ló máa dí, ẹ ó sì máa rìn nínú òógùn ara yín.

Ti kagúùlù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Polyurethane, irú ike tí wọ́n kùn sínú rẹ̀ kó lè lé omi, ti ń jẹrà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń tú u ká díẹ̀díẹ̀, yálà ẹ wọ aṣọ náà tàbí ẹ kò wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ká ní tútù sínú báàgì ló tètè ń bàjẹ́ jù. Òórùn èébì yẹn gan-an ni àmì rẹ̀. Kò sí ọṣẹ tó lè dá a padà, omi gbígbóná á tún sáré mú un bàjẹ́ ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù lónìí, torí ohun tó ń lẹ̀ yẹn máa ń ràn mọ́ aṣọ tó bá fara kàn án. Ní tèmi, ẹ jù ú nù.

Télọ̀ Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Mo gba gbogbo ohun tí Ìyá Aláṣọ sọ lórí fífọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ti síìpù àti èjìká.

Ká má fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kí ẹ tó fọwọ́ kan síìpù, ẹ wo èjìká páàkà yẹn. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan iná fóònù, ẹ gbé e sábẹ́ aṣọ. Bí láínì kò bá jẹ́ kí ẹ ríran dáadáa, ẹ tú ojú ìrán láínì nísàlẹ̀, kó gba ọwọ́ kan, kí ẹ ti fóònù náà wọlé sáàárín aṣọ méjèèjì. Ibi tó bá ṣì dára, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á rí bákan náà, bí ìgbà tí iná ń tàn lẹ́yìn bébà. Ibi tí okùn báàgì ti fi ń họ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òwú ló kọ́kọ́ ń jẹ tán. Ẹ ó rí náílọ́ọ̀nù nìkan tó tò síra wọn bí eyín ìyàrun, ìmọ́lẹ̀ á máa tú jáde láàárín wọn. Bí ẹ bá rí irú ibẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò méjì fà á díẹ̀díẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún ta-ta-ta, oòrùn ti jẹ náílọ́ọ̀nù náà pẹ̀lú, aṣọ yẹn kò ní gbé báàgì mọ́. Bí kò bá dún, ìlẹ̀mọ́ á gbé e.

Síìpù tó ń là lẹ́yìn ara rẹ̀, bí gbogbo eyín bá pé tí wọ́n sì dúró ṣánṣán, orí tí à ń fà ló ti gbó. Inú orí yẹn ti fẹ̀, kò lè tẹ eyín méjèèjì wọnú ara wọn mọ́. Ẹ fa orí náà wá sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: pèpéle òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ẹ fi pláyà kékeré tẹ etí ọ̀tún ní ìhà ìsàlẹ̀ orí náà, ibi tí eyín ti ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọnú ara wọn. Kó jẹ́ ìwọ̀n irun orí. Ẹ tẹ ti òsì bákan náà, ẹ fà á wò. Bó bá ṣì ń là, ẹ tún un tẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta kékeré sàn ju ẹ̀ẹ̀kan ńlá lọ, torí bó bá há jù, kò ní rìn mọ́. Orí tó jẹ́ idẹ máa ń gba títẹ̀. Èyí tí wọ́n fi síǹkì rọ máa ń ṣẹ́ ni. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ họ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí kò hàn: bí abẹ́ rẹ̀ bá pọ́n bí wúrà, idẹ ni. Lẹ́yìn náà ẹ fi àbẹ́là funfun pa eyín lójú àti lẹ́yìn, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ nígbà mẹ́wàá, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò.

Bí ẹ bá tilẹ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ eyín nígbà tí síìpù wà ní títì: nǹkan bí mìlímítà 5 sí 6 ni nọ́ńbà 5, nǹkan bí mìlímítà 8 ni nọ́ńbà 8. Gígùn rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ dé ibi tí orí ti ń dúró lókè. Ẹ má ka aṣọ tó ṣẹ́ kù lókè mọ́ ọn. Ohun tó ń kó àwọn télọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ yìí sí wàhálà ni aṣọ òwú tó di eyín mú: ó ń sún kì bí omi bá kàn án. Bí ẹ bá ra síìpù irin tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ òwú, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó rán an mọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni iwájú páàkà yín máa ká kókó bí ewé gbígbẹ.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 80, òwú ìránṣọ tí pọ́lísítà wà láàárín rẹ̀ tí òwú wé e lójú. Pọ́lísítà ló ń mú un lágbára, òwú tó wé e á wú dí ihò abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́ta sí sẹ̀ǹtímítà kan ti tó. Bí ẹ bá rán an súnmọ́ra jù, ẹ ti lu aṣọ náà ní ihò bí etí sítáǹbù nìyẹn, ibẹ̀ náà ni yóò ti ya. Lórí Ventile ẹ má fi pín-ìn-nì gún ojú aṣọ rárá. Ihò rẹ̀ kì í pa dé. Etí tó máa wọ inú ìrán nìkan ni kí ẹ gún, tàbí kí ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń di aṣọ mọ́ okùn mú un.

Ará Denver

Ẹ kú àárọ̀ láti Colorado. Ìyá Aláṣọ, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn lórí kagúùlù. Polyurethane yẹn ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè wà pé. Bí ẹ bá yọ ohun tó ń lẹ̀ yẹn kúrò, ẹ ti ní aṣọ atẹ́gùn tí kò tó gíráàmù 330 mọ́, tó ń ká wọnú àpò.

Ẹ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fà á bí Télọ̀ ṣe wí, pàápàá lórí ìborí àti èjìká, torí oòrùn orí òkè lágbára. Bó bá ta, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà. Bí kò bá ta, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí níta gbangba, jìnnà sí iná. Ẹ da ọtí isopropyl sórí àkísà funfun, ẹ fi nu apá kékeré tó tó àtẹ́lẹwọ́ nínú àpò kan, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ máa nu ún níkọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ọtí náà wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi etí ike tí kò mú họ ọ́. Ohun tó ń jáde á rí bí gọ́ọ̀mù tó ti yọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ojú ìrán ló máa ń le jù, torí ó ti wọ inú ibi tí wọ́n ká pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì eyín ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀. Ẹ wá fọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ gidi. Ohun tó bá kù kò ní dá òjò dúró mọ́, ẹ má tan ara yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù nípa náílọ́ọ̀nù dídán ni yíyọ̀. Lórí yìnyín tó ti le, ẹni tó bá ṣubú nínú aṣọ tí ojú rẹ̀ ń dán á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, bí ìgbà tó jókòó sórí ike. Ìdí nìyí tí àwọn aṣọ síkì kan láti àwọn ọdún 1970 fi ní ojú tó rí háràhárà: wọ́n ṣe é kó lè mú yìnyín. Kagúùlù yín, ti ìrìn lásán ni kí ẹ fi í ṣe, ẹ má wọ̀ ọ́ síbi tó dà gẹ̀rẹ́. 60/40 àti Ventile kì í yọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú òwú wọn ń di ilẹ̀ mú.

Ní ti Cairn Gorm: níbí, lóṣù kẹta, yìnyín wa gbẹ, ẹ lè fọwọ́ gbọ̀n ọ́n kúrò lára 60/40 kó tó yọ́. Mítà 1,245 péré ni gíga Cairn Gorm, òkun kò sì jìnnà sí i, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí òtútù ibẹ̀ wà ní àyíká òdo, kí yìnyín àti òjò máa rọ̀ pọ̀. Irú ojú ọjọ́ yẹn ló burú jù fún òwú. Atẹ́gùn tún wà ńbẹ̀: ní 20 oṣù kẹta 1986, wọ́n wọn atẹ́gùn máìlì 173 ní wákàtí kan lórí rẹ̀. Aṣọ tutù àti atẹ́gùn, òun ló ń pa èèyàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wo ojú ọjọ́ láàárọ̀. Bó bá wà ní -3°C sísàlẹ̀ tí kò sì sí òjò, ẹ wọ Ventile, kí swẹ́tà irun àgùntàn wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wà lókè òdo, aṣọ òjò òde òní ni kí ẹ wọ̀. Lọ́jọ́ kí lọ́jọ́, ẹ fi aṣọ òjò fúyẹ́ kan sínú báàgì.

Ọ̀kan ṣoṣo sí i, bóyá ẹ máa fẹ́ ra ìkẹrin: Gore-Tex ìgbà àkọ́kọ́, tó jáde ní 1976 sókè díẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ kò ní ohun tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ epo ara. Òógùn àti epo á wọ̀ ọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìpele mìíràn bò ó. Ojú ìrán tó wà lára àwọn àkọ́kọ́ kò sì ní téèpù, ọwọ́ ni àwọn èèyàn fi ń kùn ún. Ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́ràn ìtàn rẹ̀, ẹ má rà á nítorí òjò.

Olùka Lébẹ́ẹ̀lì (Houston)

Ọdún páàkà. 1965 ni George Marks àti Bob Swanson dá Sierra Designs sílẹ̀, 1968 sì ni páàkà náà jáde, nítorí náà kò lè dàgbà ju ìyẹn lọ. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Láti oṣù keje 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí lébẹ́ẹ̀lì bí a ṣe ń fọ aṣọ wà lára gbogbo aṣọ. Bí kò bá sí i rárá, tí kò sì sí àpá pé wọ́n gé e kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ṣáájú ìgbà náà. Bí ìlànà fífọ̀ bá jẹ́ àwòrán nìkan láìsí ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti àtijọ́ tí ẹ rò. 1997 ni wọ́n tó gbà kí àwòrán dá dúró. Bí lébẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ILGWU bá wà nínú rẹ̀ tó ní àwọ̀ pupa, funfun àti búlúù, ó wà láàárín 1974 sí 1995. Àìsí rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn, torí kì í ṣe gbogbo ilé ìránṣọ ló wà nínú ẹgbẹ́.

Nọ́ńbà RN tó máa ń wà lára lébẹ́ẹ̀lì aṣọ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ni aṣọ ló ń sọ, kì í sọ ọdún. Ẹ má sì gbára lé orúkọ tó wà lára síìpù: síìpù ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀. Ẹ wo òwú tí wọ́n fi rán an mọ́ aṣọ. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ojú ìrán ẹ̀gbẹ́, tàbí tí ìlà ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sí òwú nínú rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Ọmọ Òkè-Àdó (Manchester)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ohun tí mo rí rèé.

Ventile: mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́. Àyà, ẹ̀yìn àti èjìká gbé omi dúró dé ọgọ́ta. Ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mu ún kí n tó ka ogún.

Páàkà: lébẹ́ẹ̀lì fífọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ló wà lára rẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Idẹ ni orí síìpù. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń dì mú dókè. Iná fóònù fi ibi tó rí bí eyín ìyàrun hàn lórí èjìká ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 4 ní fífẹ̀, 7 ní gígùn. Ti òsì ṣá lásán, híhun rẹ̀ pé. Mo fa ti ọ̀tún, kò dún.

Kagúùlù ta níbi ìborí. Mo ti jù ú nù.

Télọ̀, níbo ni kí n ti gé aṣọ fún ìlẹ̀mọ́ yẹn, ṣé inú ni mo máa lẹ̀ ẹ́ sí àbí òde? Ìyá Aláṣọ, ṣé ìgbọ̀nwọ́ Ventile nìkan ni kí n tọ́jú àbí gbogbo rẹ̀?

Ìyá Aláṣọ (Leeds)

Gbogbo rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ṣe ìgbọ̀nwọ́ nìkan, ẹ ó ní àbàwọ́n tó hàn, ibi tí wọ́n ti pàdé kò sì ní lé omi bákan náà. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ tún kán omi sí i, kí ẹ sì ká apá rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ mú ọ̀pá síkì dání kí ẹ tó kán ti ìgbọ̀nwọ́. Ibi tó ká yẹn ló ń kọ́kọ́ gbà.

Télọ̀ Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Inú ni. Ẹ ti ṣí láínì nísàlẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ yín máa gbà dé èjìká. Bí kò bá dé, ẹ tú láínì lọ́rùn, sẹ̀ǹtímítà 15. Ní ti aṣọ, ẹ wo abẹ́ bíbò àpò ńlá tàbí etí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ká sínú: aṣọ kan náà ni, ọdún kan náà ló ti lò, á sún kì bákan náà. Bí kò bá tó, ẹ ra 60/40 tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gé e.

Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 7 ní fífẹ̀, 10 ní gígùn, kó lé ní sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ yíká ibi tó jẹ. Ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ róbótó, torí igun tó mú ló máa ń họ aṣọ. Náílọ́ọ̀nù ìlẹ̀mọ́ gbọ́dọ̀ nà síbi tí náílọ́ọ̀nù páàkà nà sí. Ẹ yí i sọ́wọ́, ẹ wo ìlà rẹ̀ lójú iná. Ẹ rán etí rẹ̀ yíká lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ rán ìlà mẹ́rin gba àárín ibi tó jẹ kọjá, sẹ̀ǹtímítà kan síra wọn, kí wọ́n dábùú ibi tí okùn báàgì ń fà sí. Ìlà mẹ́rin yẹn ló máa gbé ẹrù. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé báàgì tó wúwo kílò 8 kọ́ ọ fún wákàtí kan nínú ilé, kí ẹ tún fi iná fóònù wo ihò abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti fà gbọọrọ, ẹ fi ìlẹ̀mọ́ kejì bò ó láti inú, kó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ẹ tó dá láínì padà.